Ìtọ́jú Ilé: Bí Àpótí Ìpamọ́ Bá Kún

 

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀rọ̀ àpótí kan ni, àpótí tí ó ti ń wọ àwọn ilé wa báyìí, tí ó ń jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí lábẹ́ tábìlì, tí iná kékeré ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní NAS. Àwa yóò máa pè é ní àpótí ìpamọ́, nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an nìyẹn. Háàdì dísìkì méjì, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó wà nínú rẹ̀, orí àwọn dísìkì wọ̀nyí sì ni fọ́tò, fídíò àti ìwé gbogbo ará ilé ń lọ láti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn. Fídíò ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wà níbẹ̀. Ohùn bàbá tí ó ti papò dà wà níbẹ̀, níbi tí ó ti ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oríkì. Ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìgbéyàwó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ kan, àpótí náà yóò kéde pé òun ti kún. Ohun tí ó sábà máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn ni pé kí á sáré ra dísìkì mìíràn, kí á sì tì í bọ inú rẹ̀. Rírà náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tètè sọ ohun tí a wá sọ: àyè púpọ̀ kì í ṣe ààbò. Dísìkì tuntun ń fi àyè kún àyè ni. Ẹ̀dà tí ó wà ní ibòmíràn ni ó lè gba ohun ìní yín là ní ọjọ́ tí ewu bá dé. Ọjọ́ tí a sì ń fi dísìkì kún àpótí wà lára àwọn ọjọ́ tí ewu máa ń sún mọ́ ilé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹẹsẹ.

Kí ni ó kún inú rẹ̀?

Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ onídísìkì jáde ní ọdún 1956, àwo irin 50 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí ó sì lè gbà kò ju nǹkan bí lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Lónìí, fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù lè gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́rábáìtì kan lè gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tó 200,000. Iye yìí jọ ohun tí kò lè tán láé, ṣùgbọ́n fídíò kì í ṣe ẹgbẹ́ fọ́tò. Fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi fóònù òde òní ká, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, lè gba àyè tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò ì bá gbà.

Nítorí náà, ẹ gbá ilé kí ẹ tó kọ́ ilé kún ilé. Ẹ wo ibi tí àpótí ń kó ohun tí a ti parẹ́ sí, nítorí ọ̀pọ̀ àpótí kì í ju ohun tí a parẹ́ nù lójú ẹsẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ó máa jẹ àyè. Ẹ wo àwọn àwòrán ìkíni àárọ̀ tí ẹbí àti ẹgbẹ́ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ wo fídíò ìgbéyàwó kan ṣoṣo tí fóònù bàbá, ti ìyá àti ti ọmọ mẹ́ta ti kó wá ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ẹ ṣà wọ́n dànù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ pẹ̀lú ìbínú tàbí ìkánjú, ohun tí ẹ kò bá sì mọ ẹni tí ó ni ín, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí àpótí bá ti lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àyè rẹ̀, àsìkò tó láti ronú. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí kò ní sí àyè tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi mí.

Ẹ̀dà ni kí ó ṣáájú

Bí ẹ bá ti gbálẹ̀ tán tí àyè kò sì tó síbẹ̀, ó kan dísìkì rírà. Dísìkì tí a ó kọ́kọ́ rà kì í ṣe èyí tí yóò wọ inú àpótí. Èyí tí yóò dúró lóde ni, tí a ń fi wáyà USB so mọ́ ọn. Ẹ da gbogbo ohun tí ó wà nínú àpótí kọ sórí rẹ̀, ẹ ṣí fọ́tò mélòó kan àti fídíò mélòó kan lórí rẹ̀ láti rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì gbé e pamọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fọwọ́ kan àpótí.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé àsọdùn ni èyí, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Pixar ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1998, nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Toy Story 2 lọ́wọ́. Ẹnìkan ṣèèṣì pa àṣẹ kan lórí kọ̀ǹpútà, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn fáìlì fíìmù náà rẹ́. Kí wọ́n tó dá a dúró, èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti lọ. Wọ́n yíjú sí ẹ̀dà tí ilé iṣẹ́ náà ń ṣe déédéé, wọ́n sì rí i pé kò pé. Ètò ẹ̀dà náà ti ń kùnà láìsí ẹni tí ó fura. Ìyá ọmọ kan ni ó yọ wọ́n. Galyn Susman, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú onímọ̀ ẹ̀rọ lórí fíìmù náà, bímọ láìpẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ó sì ń ti ilé ṣiṣẹ́ kí ó lè ráyè tọ́jú ọmọ. Nítorí èyí, ẹ̀dà iṣẹ́ náà wà lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ ìbora wé kọ̀ǹpútà náà bí ọmọ tuntun, wọ́n sì rọra fi mọ́tò gbé e padà sí ibi iṣẹ́. Fíìmù náà jáde ní ọdún 1999.

Ẹ̀yin ará, gbogbo dísìkì tí ilé iṣẹ́ ńlá náà ní, wọn kò ṣe wọ́n láǹfààní ní ọjọ́ yẹn. Ẹ̀dà tí ó wà ní ilé obìnrin kan ni ó ṣe é. Gbogbo wa kò lè sùn kí á kọrí síbì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ìrántí ilé wa sùn síbì kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé kí ohun tí ó ṣe iyebíye wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun èlò oríṣi méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ìta ilé. Ẹni tí ó ní ẹ̀gbọ́n ní Abẹ́òkúta tàbí ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù ti ní ibi tí yóò gbé ẹ̀kẹta sí. Bí owó dátà bá wọ́n, kò pọn dandan kí ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Ẹni tí ń rìnrìn àjò lè fi ọwọ́ gbé dísìkì náà lọ.

Bí àwọn dísìkì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí dísìkì bá ti ju ẹyọ kan lọ nínú àpótí, ẹ̀dà ti wà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí ó so wọ́n pọ̀ ni a ń pè ní RAID, orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, fún un nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1988.

Oríṣi kan wà tí ó dà bí ènìyàn àti dígí rẹ̀: dísìkì méjì, ohun kan náà lára méjèèjì. Tẹ́rábáìtì 4 méjì yóò fún yín ní àyè tẹ́rábáìtì 4 péré. Oríṣi kejì ni èyí tí a ń lò bí dísìkì bá di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fara jọ ìwé akọ̀wé ẹgbẹ́. Ká ní ìyá mẹ́ta dá owó, èkíní dá 2,000 náírà, èkejì 3,000, ẹ̀kẹta 5,000, akọ̀wé sì kọ àpapọ̀ rẹ̀, 10,000, sílẹ̀. Bí ojú ìwé ìyá kejì bá ya, a ó yọ 2,000 àti 5,000 kúrò nínú 10,000, a ó sì mọ̀ pé 3,000 ni ó dá. Bí ojú ìwé méjì bá ya pọ̀, ọ̀rọ̀ di àbá. Bí àwọn dísìkì yìí ṣe rí nìyẹn: bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù yóò ṣírò ohun tí ó wà lára rẹ̀, bí méjì bá kú pọ̀, gbogbo rẹ̀ lọ. Ètò mìíràn wà tí ó lè fara da ikú méjì, ṣùgbọ́n àyè dísìkì méjì ni yóò gbà fún iṣẹ́ yẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ikú dísìkì nìkan ni ètò yìí ń dènà. Bí ọmọ bá ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́, yóò parẹ́ lórí gbogbo wọn pọ̀. Bí olè bá gbé àpótí, gbogbo wọn ni ó gbé. Bí iná bá jó ilé, ọ̀kan kò ní ṣẹ́kù.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń fi àyè kún un

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èkíní, bí ihò dísìkì bá ṣófo nínú àpótí, ẹ ti dísìkì tuntun bọ̀ ọ́, kí ẹ sì pàṣẹ fún àpótí pé kí ó fi í kún àwọn tí ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní tẹ́rábáìtì 4 mẹ́ta nínú ètò akọ̀wé tí a wí yẹn, àyè tí ẹ ní jẹ́ 8. Bí ẹ bá fi ẹ̀kẹrin kún un, yóò di 12. Dísìkì tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí àwọn tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá sì tóbi jù wọ́n lọ, nínú ètò RAID lásán, bí ó ṣe tó wọn ni yóò ṣe ṣiṣẹ́, àṣẹ́kù rẹ̀ yóò sì wà lásán. Àwọn ètò kan, bíi SHR ti Synology, lè lo àṣẹ́kù náà, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí irú dísìkì ńlá bẹ́ẹ̀ bá pé méjì.

Èkejì, bí kò bá sí ihò tí ó ṣófo, a ó máa fi ńlá rọ́pò kékeré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ẹyọ kan, ẹ fi ńlá sí i, kí ẹ sì dúró títí àpótí yóò fi sọ pé ara òun ti dá kí ẹ tó kan èkejì. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Fún dísìkì ńlá, ó lè ju ọjọ́ kan lọ. Àyè tuntun kò ní hàn títí ẹ ó fi pààrọ̀ èyí tí ó kẹ́yìn, tí ẹ ó sì pàṣẹ kí ó fẹ̀. Nínú àpótí onídísìkì méjì, ní gbogbo àkókò ìdúró yìí, dísìkì ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ru gbogbo ẹrù ilé yín, àsìkò yìí gan-an ni a sì ń lò ó jù. Bí ó bá kú níbẹ̀, ẹ̀dà tí ẹ ti gbé pamọ́ ni yóò sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má ṣe yọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ lè ra àpótí tí ó tóbi jù. Owó rẹ̀ ni ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ní èrè kan tí àwọn méjì ìṣáájú kò ní: àpótí àtijọ́ yóò ṣófo fún iṣẹ́ mìíràn, a sì lè gbé e lọ sí ilé ẹbí kan kí ó di olùtọ́jú ẹ̀dà. Bí ó bá jẹ́ pé agbára yín ká a, èyí ni àwa yóò yàn fún yín.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ má ṣe yà á sí ìrẹ́jẹ bí dísìkì tí wọ́n kọ tẹ́rábáìtì 4 sí lára bá fi nǹkan bí 3.6 hàn yín lórí kọ̀ǹpútà. Kóńgò méjì ló pàdé: ẹni tí ó ṣe é ń kà á ní 1,000-1,000, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì ń kà á ní 1,024-1,024.

Ẹ béèrè bóyá dísìkì náà jẹ́ CMR tàbí SMR. Dísìkì SMR ń kọ nǹkan lé etí ara wọn bí páànù òrùlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún páànù ìsàlẹ̀ ṣe yóò ní láti ṣí ti òkè. Ó dára fún ẹ̀dà tí a ń gbé pamọ́, ṣùgbọ́n nínú àpótí, ó lè mú kí ìràpadà dísìkì tí ó kú falẹ̀ gan-an, tàbí kí ó kùnà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Western Digital gbà ní gbangba pé àwọn kan lára dísìkì Red wọn, tí wọ́n ń tà fún irú àpótí yìí, jẹ́ SMR. CMR ni kí ẹ rà.

Ní ti tòkunbọ̀, dísìkì máa ń ka wákàtí tí ó ti lò, ọdún kan láìsinmi sì jẹ́ wákàtí 8,760. Èyí tí ó ti lo 35,000 ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n a lè yí òǹkà náà padà: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìròyìn jáde ní Jámánì pé àwọn kan ń ta dísìkì tí a ti lò bí ẹni pé tuntun ni, tí òǹkà wọn ti padà sí òfo. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà ara dísìkì wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, láti mọ̀ bóyá àtìlẹ́yìn wọn ṣì wà lórí rẹ̀.

Iná, ooru àti eruku

Nígbà tí àpótí bá ń fẹ ara rẹ̀ lójú, kò yẹ kí iná lọ lójijì. Ní ilẹ̀ wa tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ bí àlejò tí kò ní ìlérí, UPS kì í ṣe fáàrí. Èyí tí ó ní wáyà tí ó so mọ́ àpótí ni kí ẹ rà, kí ó lè sọ fún un pé iná ti lọ, kí àpótí sì pa ara rẹ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́ kí bátìrì tó tán. Ẹ má ṣe fi aṣọ tábìlì bo àpótí nítorí ẹwà, ẹ má sì gbé e sún mọ́ ògiri jù; atẹ́gùn ni ó ń tù ú lára. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú ihò atẹ́gùn rẹ̀.

Dísìkì àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé

Ẹ má ṣe ta dísìkì tí ẹ yọ láìfọ̀ ọ́. Pípa fáìlì rẹ́ lásán kò tó. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè hú wọn jáde, àṣírí ilé yín ni yóò sì hú. Àṣẹ wà tí a fi ń kọ òfo sí gbogbo ara dísìkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó níṣojú yín. Bí ara dísìkì náà bá sì le, ẹ tún un lò fún ẹ̀dà dípò kí ẹ tà á.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni èyí tí ó kan àwa obìnrin jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bàbá tàbí ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé àpótí náà. Bí ọmọ náà bá rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé bá bàbá, àpótí yóò wà lójú ilé, ṣùgbọ́n yóò dà bí ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sódò. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà sínú ìwé, kí ẹ fi sí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, kí ó kéré tán ènìyàn méjì mọ ibẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń ṣí i. Ẹni tí ó mọ iye ìyọ̀ tí ń tó ọbẹ̀ ogójì ènìyàn kò lè ṣàì mọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún yín kí oṣù yìí tó parí: ẹ béèrè ní ilé pé, “Bí àpótí yìí bá kú lálẹ́ òní, níbo ni a ó ti rí fídíò ìsọmọlórúkọ ọmọ wa?” Bí ìdáhùn bá wà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì lọ fi dísìkì kún un. Bí kò bá sí, ẹ ti mọ dísìkì tí ẹ ó kọ́kọ́ rà.

Kí Olúwa pa ilé wa mọ́, kí ó sì dá ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú àwòrán náà sí pẹ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.